Ẹ̀rọ ìgégi àlòkù: Ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Fún oníṣòwò pákó tó fi Ìlódè, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ṣe ibùjókòó, ẹ̀rọ ìgégi kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ sínú igbó, owó ti dúró nìyẹn: agégi ò ríṣẹ́ ṣe, ọkọ̀ ò rí ẹrù gbé, káfíńtà tó ti san àsansílẹ̀ yóò sì máa pe fóònù. Nítorí pé ẹ̀rọ tuntun gbówó lórí, tòkunbọ̀ àti àlòkù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn ẹ̀rọ yìí lè jọra bí ìbejì, kí inú wọn má bára mu.

Ẹ wo Stihl, iléeṣẹ́ ará Jámánì tí Andreas Stihl dá sílẹ̀ lọ́dún 1926. Ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ 070 àti èyí tó ń jẹ́ 090 jọ ara wọn gan-an. Ṣùgbọ́n písítìnì 070 fẹ̀ tó mìlímítà 58, ti 090 jẹ́ 66. Ẹni tó bá ra silíńdà ọ̀kan fún èkejì ti fowó ṣòfò.

Ti 038 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara kan náà ni wọ́n fi ṣe mẹ́ta: písítìnì 038 AV jẹ́ mìlímítà 48, ti Super jẹ́ 50, ti Magnum jẹ́ 52. Bí orúkọ bá ti pa rẹ́ lára ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ta AV fún yín lówó Magnum, inú igbó lẹ ó ti mọ̀, nígbà tí igi ìrókò bá kọ̀ tí ò gé.

Ohun mìíràn tó ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé iléeṣẹ́ náà yí orúkọ padà. 036 di MS 360, 066 sì di MS 660. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀yà ara 066 ò lè wúlò fún MS 660.

Báwo lèèyàn ṣe lè dá wọn mọ̀? Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń sọ ìdílé tó ti wá: 1106 ni ti 070 àti 090, 1119 ni ti 038 àti MS 381, 1122 ni ti 064, 066 àti MS 660, 1125 ni ti 034, 036 àti MS 360. Ṣùgbọ́n ìdílé nìkan ni nọ́ńbà yìí ń sọ, kì í sọ ọmọ wo ni. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú silíńdà, kó wọn písítìnì, kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Bí olówó ẹ̀rọ ò bá gbà kí wọ́n tú u, kó kúkú jẹ́ kí wọ́n yọ sàléńsà. Láti ojú ihò yẹn lẹ ó ti rí i bóyá písítìnì ti há.

Ní ti Husqvarna ará Sweden, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ ìgégi lọ́dún 1959, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn máa ń sún mọ́ bí ẹ̀ńjìnnì ṣe tóbi tó: 272 jẹ́ sísí 72, 268 jẹ́ nǹkan bíi 67.

Àwọ̀ nìkan ò tó ẹ̀rí, torí ayédèrú náà máa ń kun ọsàn àti funfun.

Nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bíi Contra tí Stihl gbé jáde lọ́dún 1959. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú ẹ̀rọ lè di owó lọ́nà mìíràn: 070 kan tó ti kú lè jí méjì dìde. Ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú wọn, kó to wọ́n ní ìdílé-ìdílé, kó sì kọ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àìkọ ọ́ ló ń sọ ọjà di pàǹtí.