Kí A Mọ Orúkọ Àìsàn Kí A Tó Ra Oògùn Rẹ̀

Ìwé ìròyìn wa ti oṣù tó kọjá pẹ́ kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ti bi wá léèrè ohun tí ó fà á. Àwọn kan tilẹ̀ ní bóyá owó bébà ni kò sí. Rárá o. Àwa tí a ń kọ ọ́ ni ara wa kò yá. Ọ̀fun ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀fun tí a fi ń gbé òkèlè mì, tí a fi ń pe oníbàárà, tí a fi ń dúnàádúrà, òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí wa lọ. A rò pé ó yẹ kí a ròyìn rẹ̀ fún yín, nítorí pé a ṣi ẹsẹ̀ gbé ní ibi púpọ̀, ọ̀kan nínú àṣìṣe wa sì kan ọmọ ọlọ́mọ.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Gàrí àti ẹ̀wà ni a ń tà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀. Ọjọ́ Ajé ni a lọ kó gàrí wá láti oko. Nígbà tí a délé ní alẹ́, ọ̀fun ń ta wá. A ní eruku gàrí ni. A bu iyọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a fi fọ ọ̀nà ọ̀fun, a sì sùn.

Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́rú, itọ́ lásán kò ṣeé gbé mì mọ́. Bí a bá gbé e mì, ìrora náà á gba inú ọ̀fun bọ́ sí etí ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀. Ibà tún gorí rẹ̀. Ní ìsọ̀, oníbàárà á dé, àwa á máa juwọ́ bí odi. Ẹnìkan tilẹ̀ bínú kúrò, ó ní owó ti sọ wá di agbéraga.

Ẹnu ọjà ni a ti kọ́kọ́ rí dókítà, ẹ sì mọ̀ pé dókítà kò wọ́n lọ́jà. Ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní eegun ẹja ló há wa lọ́fun, kí a gbé òkèlè iyán ńlá kan mì láìjẹ ẹ́. Alápatà ní belúbelú ni, òun mọ ẹni tí ń gé e. Ọ̀gá télọ̀ ní ibà lásán ni. Ẹnìkan wá fà wá sí kọ̀rọ̀, ó ní kí a rántí ibi tí a ti jẹun kẹ́yìn, nítorí pé aṣebi kò jìnnà sí ni. Ọ̀rọ̀ yìí bà wá lẹ́rù ju àìsàn náà lọ.

A lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀fun kò gbọ́. A mu àgbo. Kò gbọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, pé "díẹ̀ ló wà níbẹ̀." Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì kan wá kó kápúsù fún wa, èyí tó pupa lápá kan tó dúdú lápá kejì, káàdì méjì. A lò ó fún ọjọ́ méjì péré, ibà náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ni a bá dáwọ́ dúró. A ní kí la tún ń gbé oògùn mì sí, owó ṣá ni.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn wá. Ìyá aláta ní ọ̀fun ń dun ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. A fa káàdì tó kù yọ, a fún un. Ó dúpẹ́, ó sì fi ata lé e fún wa. A rò pé oore ni a ṣe.

ÒRU ỌJỌ́RÚ KEJÌ

Ní òru Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, àìsàn náà padà dé, kò sì wá pẹ̀lú eré. Apá ọ̀tún ọ̀fun nìkan ni ó ń dùn wá báyìí. Ẹnu wa kò ṣeé là ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Itọ́ ń dà lẹ́nu wa bí ti ọmọ ọwọ́. Ohùn wa yí padà, bí ohùn ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ìyá ilé wa gbé iná sún mọ́ wa, ó wò wá títí, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ò ní kú sí mi lọ́wọ́ nítorí owó." Ó pe akápò ẹgbẹ́ wa lórí fóònù. Ọkùnrin náà kò bi í léèrè ohun kan, ó gbé mọ́tò wá, ó sì gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tí a bá níbẹ̀, obìnrin ni, ọmọ tí a lè bí sì ni. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú, ó ní, "Ẹ kú ìrora, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi máa pọ̀ díẹ̀." Ọjọ́ mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé apá kan ni àbí apá méjèèjì? Ṣé ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn wà níbẹ̀? Oògùn wo ni a ti lò, a sì lò ó fún ọjọ́ mélòó? Iṣẹ́ wo ni a ń ṣe? Orí bébà ni a ti ń kọ èsì. Nígbà tí a kọ "gàrí," ó bèèrè pé ṣé eku wà níbi tí a ń kó o sí.

Inú bí wa. A rò pé ó ń pè wá ní ọ̀bùn. Ó rí i lójú wa, ó ní, "Ìwọ̀sí kọ́, bàbá. Ibà Lassa náà lè mú ọ̀fun dun ni. Tí n kò bá béèrè, n kò ní mọ̀."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, wọn kò rí ibà ẹ̀fọn níbẹ̀. Ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lẹ́nu. Ó ní ẹ̀yìn kókó ọ̀fun ní apá ọ̀tún ti wú, ó pọ́n, ó sì ti ti ahọ́n kékeré tó so rọ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun lọ sí apá òsì. Oówo ni. Ọyún ti gbá jọ sínú rẹ̀. Nínú ìwé wọn, peritonsillar abscess ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ni quinsy. Ó ní nígbà tí ọyún bá ti gbá jọ báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kápúsù tí yóò dá a ṣe, àfi kí a fà á jáde. Wọ́n fi oògùn pa ìrora ibẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa ọyún náà. Kí ẹnikẹ́ni má dán èyí wò nílé o, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kò jìnnà síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnu wa ti là. Wọ́n fa omi àti oògùn sí wa lára fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀kọ mímu tí a mu láàárọ̀ ọjọ́ náà, a kò lè gbàgbé adùn rẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ó FI ṢÒRO LÁTI MỌ̀

Kí a tó kúrò níbẹ̀, a bi dókítà náà pé kí ló dé tí gbogbo ayé fi ṣìnà lórí ọ̀fun kan ṣoṣo. Ohun tí ó là yé wa nìyí. Ọ̀nà kan ni ọ̀fun, àwọn àlejò tó ń gbà á wọlé sì pọ̀, aṣọ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fáírọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń fa ọ̀fìnkìn. Kápúsù apakòkòrò kò lè pa á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Omi iyọ̀, omi mímu púpọ̀, parasítámọ́ọ̀lù àti ìsinmi ti tó fún un.

Èkejì ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní streptococcus. Èyí ni apakòkòrò ń pa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ lo oògùn náà tán. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa lára ọmọdé, ó lè di ibà tó ń mú oríkèé ara wú, tó sì ń ba ọkàn jẹ́ títí ayé. Òun náà wà lára ohun tó lè di oówo bíi tiwa.

Ẹ̀kẹta ni difitíríà, tó ń ta awọ eérú bo ọ̀fun ọmọ, tó sì lè dí èémí rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ o. Ní ọdún 2023, ó jà gidigidi ní ilẹ̀ wa, Kánò ló sì ti pọ̀ jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni ó ń dènà rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kan àwa oníṣòwò oúnjẹ gan-an: ibà Lassa. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní ìlú Lassa, ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù. Eku ló ń fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ kó o sínú oúnjẹ. Nǹkan bí ẹni 8 nínú ẹni 10 tó kó o ni kì í ṣe lára wọn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa nínú àwọn tó kù. Ibà tí oògùn ibà kò ràn, tí ọ̀fun tún ń dun ni, ẹ má fi jókòó sílé.

Àwọn mìíràn kì í ṣe ti kòkòrò rárá. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà tán ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, omi kíkan inú rẹ̀ lè máa gòkè wá jó ọ̀fun rẹ̀. Bí ohùn bá sì há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí tí kókó yọ lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ́ wò, nítorí jẹjẹrẹ.

Ẹ má rò pé àwa tálákà nìkan ni èyí ń ṣe. George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀fun ló pa á. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1799. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti kú. Dókítà mẹ́ta ló dúró tì í, ẹnu wọn kò kò lórí ohun tó ń ṣe é. Ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn dànù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì fa tirẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí orúkọ àìsàn náà. Àwa náà, kí la fi sàn jù wọ́n lọ, tí a ń lo oògùn ohun tí a kò mọ̀?

Ẹ̀BẸ̀ WA

Nígbà tí a padà dé ọjà, ìyá aláta kò dá wa lóhùn. Kápúsù wa ti ṣu ọmọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀fìnkìn lásán ló ń ṣe ọmọ náà, pé ìwọ̀n oògùn àgbàlagbà ni wọ́n fún un, àti pé kò tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá. A lọ bá a nílé, àwa àti ìyá ilé wa, a tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ̀yin kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín kí ẹlòmíràn lè mọ̀." Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́.

A mú bírò, a ṣírò rẹ̀. Oògùn ibà, àgbo, àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù, kápúsù, àti ọjọ́ 11 tí a kò fi rí ọjà tà dáadáa: gbogbo rẹ̀ ju owó tí ilé ìwòsàn gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rù owó ilé ìwòsàn ló sì jẹ́ kí a ná a. Owó èyáwó àìsàn wà nínú ẹgbẹ́ wa. Òun ni a fi san gbèsè akápò. A ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí tipẹ́, a kò sì rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó yẹ. Ẹ̀yin ẹ rántí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí a bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: bí itọ́ kò bá ṣeé gbé mì, bí ẹnu kò bá ṣeé là, bí ohùn bá yí padà tí apá kan ọ̀fun sì ń dùn ju èkejì lọ, bí ọrùn bá wú, bí ibà kò bá lọ ní ọjọ́ mẹ́ta, bí ọ̀fun bá dun ni ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí èémí bá ń dún tàbí tí ó ń há, kí a má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní àjẹkù oògùn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, ẹ má sá gàrí sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ sì wá ìkòkò tàbí dúrọ́ọ̀mù onídèérí fún un. Àwa ti ra méjì.

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohùn wa ti padà, a ti ń pe oníbàárà. Ẹ wá ra gàrí o. Ó dìgbà kan ná.