Owó àyè ẹsẹ̀ nínú bàálù: kí la ń sanwó fún gan-an?

Ìbéèrè tòní wá láti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ wa kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ń lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán. Àfi bí ìkànnì náà ṣe tún ní kó san owó mìíràn bó bá fẹ́ ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ráyè. Ọ̀dọ́kùnrin náà ga gan-an. Màmá rẹ̀ ní, "Ṣé ìwọ nìkan ló lẹ́sẹ̀ ni?" Ó wá bi wá pé ṣé kí òun san án.

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká yà sí gáréèjì ná. Bí ẹ bá fẹ́ wọ Sienna láti Ifẹ̀ lọ sí Èkó, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá tètè dé ló ń mú iwájú. Ẹni tó pẹ́ dé á lọ há sẹ́yìn pátápátá. Bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n díẹ̀ jù lọ ń gbé yín débi tí ẹ ń lọ, àmọ́ kò ṣèlérí ibi tí ẹ máa jókòó. Wọ́n ti sọ ibi ìjókòó di ọjà ọ̀tọ̀.

Báwo ló ṣe dà bẹ́ẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ló ń fọwọ́ sí iye owó ọkọ̀ òfurufú títí di 1978. Nígbà tí owó gbogbo wọn jọra, oúnjẹ àti ìrọ̀rùn ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń fa oníbàárà. Òfin ọdún yẹn yọ ọwọ́ ìjọba kúrò, ló bá di pé ẹni tówó rẹ̀ kéré ló ń rí èrò. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń tàn kálẹ̀ sí ibòmíràn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bàálù kan ní ìlà ìjókòó 30, èèyàn mẹ́fà-mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dín íǹṣì kan péré kù lára ìlà kọ̀ọ̀kan, íǹṣì 30 ló jáde yẹn. Ó tó ìlà tuntun kan. Owó èèyàn mẹ́fà sí i nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tí bàálù náà bá gbéra tó kún.

Òfin ní kí gbogbo èrò lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90 bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, bí ìdajì ilẹ̀kùn ò tilẹ̀ ṣeé lò. Ti orúnkún ni kò tíì lójú. Ní 2018, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àjọ FAA fi ìwọ̀n tó kéré jù lọ lélẹ̀ fún ìjókòó. Ní 2022, èrò aráàlú ni wọ́n ṣì ń gbà jọ.

Torí náà, àwa fúnra wa la máa wọn nǹkan. Nọ́ńbà tí ẹ máa wá ni wọ́n ń pè ní seat pitch. Ohun ni ìwọ̀n láti ibì kan lára àga yín dé ibì kan náà lára àga tó wà níwájú. Íǹṣì 31 tàbí 32 ló wọ́pọ̀ fún ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn. Ti Ryanair jẹ́ 30, ti Wizz Air jẹ́ 28. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń rí lò, torí ẹ̀yìn àga wà nínú rẹ̀.

Ẹ mú téèpù télọ̀. Ẹ jókòó sórí àpótí, kí ẹ̀yin yín kan ògiri. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé ṣóńṣó orúnkún. Bó bá jẹ́ íǹṣì 23, tí seat pitch jẹ́ 31, ẹ ṣì máa mí. Bó bá tó 27, ẹ̀yìn àga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìyókù tán.

Bí ẹ bá máa sanwó, ẹ wo ohun tí ẹ ń rà dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì láyè púpọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣèrànwọ́ láti ṣílẹ̀kùn, wọn kì í sì í gba ọmọdé tàbí aláboyún síbẹ̀. Ìjókòó tó dojú kọ ògiri náà láyè, ṣùgbọ́n inú ibi ìgbọ́wọ́lé ni tábìlì rẹ̀ ń wà, èyí sì máa ń dín fífẹ̀ àga kù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń so ibùsùn ọmọ ọwọ́ mọ́. Ní ibi méjèèjì, òkè ni báàgì yín máa wà nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí jáde pé bí èèyàn bá jókòó sójú kan fún ohun tó ju wákàtí mẹ́rin lọ, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ń di ìlọ́po méjì. Ewu náà kéré, nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i fún ẹni tó ga ju mítà 1.9 lọ. Kì í sì í ṣe bàálù nìkan o: mọ́tò, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè náà wà níbẹ̀. Ẹni tó gbéra láti Ifẹ̀ ti jókòó fún wákàtí mélòó kan kó tó dé Ìkẹjà. Ó tún ku nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ kó dé Lọ́ńdọ̀nù. Àyè ẹsẹ̀ tí ẹ fowó rà kò ní bá yín dìde rìn.

Ìdáhùn wa rèé, àbúrò. Kọ́kọ́ wọn orúnkún rẹ. Bó bá kọjá 26, san owó náà láìkábàámọ̀, kó o sì ya àwòrán ojú fóònù rẹ pa mọ́, bóyá wọ́n lè gbé ọ kúrò níbi tó o sanwó fún. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń jẹ́ kéèyàn yàn án lọ́fẹ̀ẹ́ bí check-in bá ti ṣí, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 24 ṣáájú. Wàá lè máa dìde láìjí ẹnikẹ́ni. Bá wa kí Màmá, kó o sì sọ fún wọn pé téèpù ló bá yín parí ẹjọ́ náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Íǹṣì mélòó ni tiyín? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.