Ìrora Gìgísẹ̀ Asáré: Ohun tí Tóbi Amúsàn Ṣe

Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí a ti ń fo igi ìdènà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Títí di ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó gba iwájú tẹ́lẹ̀, Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà, sá a ní 12.20 ní ọdún 2016. Gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ìdálẹ̀ ni orí wa wú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń dùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà eré ìje ọdún yẹn. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé bàtà ni ó gbé e sáré, òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé ìrora náà dá òun dúró fún ìgbà díẹ̀, àti pé nígbà tí òun padà sí pápá, òun bẹ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bàtà fún òun pé kí wọ́n fún òun ní èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Irú bàtà tí àwọn asáré ọ̀nà jíjìn ń wọ̀ ni wọ́n fún un.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lálejò ní Àbújá níhìn-ín, ó sì fi oyè orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá. Ayẹyẹ náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ni ó kàn wá jù, nítorí pé ìrora kan náà ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa jà.

Ẹni tí ó bá jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ní Maitama, ní Asokoro, tàbí ní etí adágún omi Jabi, yóò rí wọn lọ́tùn-ún lósì: akọ̀wé ìjọba, oníṣòwò, olùkọ́, tí wọ́n ń sáré nítorí pé dókítà ti kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, tàbí nítorí pé ikùn ti ń ṣíwájú wọn wọlé. Ìlú olókè sì ni Àbújá. Ẹni tí ó ti jókòó nídìí tábìlì fún ọdún mẹ́wàá, tí ó dìde lójijì tí ó ń sáré gun òkè Asokoro, ohun tí kò kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ó na láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka. Òun ni ó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, pàápàá bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá le tí ó ń fa gìgísẹ̀ sókè, ibi tí iṣan náà ti so mọ́ gìgísẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Plantar fasciitis ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, a máa dà bí ẹni tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Bí a bá rìn díẹ̀, a rọlẹ̀. Bí a bá jókòó pẹ́ tí a tún dìde, a tún dé.

Ibi yìí ni àwọn ènìyàn wa ti máa ń sọ pé aláìsàn ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí í dun ni láàárọ̀ tí í sì rọlẹ̀ kí a tó dé ibi iṣẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bàtà wa. Àwọn mìíràn a fi ìpá sáré lé ìrora náà. Èyí burú jù, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń jẹun ní ìdálẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ń dúró láti alẹ́ mọ́jú, ìyá tí ń kiri ọjà, ọlọ́pàá ojú pópó, gbogbo wọn ni àrùn yìí lè mú láìsáré rárá.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó púpọ̀, sùúrù ni ó gbà. Kí asáré dín eré kù, kí ó sì fi òkè gígùn sílẹ̀ ná. Kò pọn dandan kí ó dùbúlẹ̀. Kí ó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀, kí ó jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ tí ń dùn ún lé orúnkún kejì, kí ó fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn sí ìhà ojúgun títí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò fi le bí okùn. Kí ó ka ení dé ẹ̀wá, kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó tún un ṣe nígbà mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Kí ó tún fi ọwọ́ ti ògiri, kí ó na ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn ní títọ́, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun lè nà. Ìgò omi tútù tí a ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí sọ́tùn-ún sósì nílẹ̀ a máa dín ìrora kù. Kí a má sì rìn láìwọ bàtà lórí táìlì inú ilé.

Ó lè gba oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ni ó ń san láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì a máa dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí iṣan náà já. Nítorí náà dókítà nìkan ni kí ó pinnu rẹ̀, kì í ṣe oníkẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé. Bí ẹsẹ̀ bá wú, bí ó bá kú tipiri, tàbí bí ojú egungun kan ṣoṣo bá ń dùn tí ó sì ń le sí i, ó lè jẹ́ pé egungun ti sán. Ilé ìwòsàn ló kàn: National Hospital tàbí èyí tí ó wà ní Gwagwalada fún àwa ará Àbújá, fún àwọn tí ó wà ní Kánò àti Enugu, ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala àti ní Enugu. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi omi dídì tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti bàtà, a mọ̀ pé òkìríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ká a. Ibi ìka ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti tẹ̀. Bí ó bá ká sí méjì láàárín bí sílípáàsì, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á.