Ọ̀rọ̀ Ìwé Nídìí Ẹmu: Ìtàn Àròsọ àti Ìtàn Ìgbésí-Ayé-Ara-Ẹni

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìwé ìtàn àròsọ àti ìwé tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ìgbésí-ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun láàrin àwa olùkọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti yé wa dáadáa kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí gbọ̀ngàn àpérò. Nídìí ọtí ni. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò fajú ro bí wọ́n bá ka èyí, pàápàá àwọn tí kì í fi ẹnu kan ọtí rárá. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn. Ìwé ni ó gbé wa jókòó, kì í ṣe ọtí.

Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan ni a máa ń péjọ ní Ìlárá Rẹ́mọ, ìlú tí kò jìnnà sí Ìsarà, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ó bá gbẹ̀yìn oṣù. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, oníṣòwò obì náà wà níbẹ̀. Ìwé kan ni a máa ń kà lóṣù kan. Ẹni tí ó bá kàn ni yóò wá ọtí tí ó bá ìwé náà mu: ó lè jẹ́ ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àgàdàgídí, tàbí ọtí àdàlù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò. Omi ìṣápá tàbí omi ọsàn ni ti ẹni tí kì í mutí. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ife títí ẹni tí ó gbé ọtí wá yóò fi ṣàlàyé, láti inú ìwé náà gan-an, ìdí tí ó fi jẹ́ pé irú ọtí bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá múná dóko, omi lásán ni yóò mu ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Eré ni a kọ́kọ́ pe òfin yìí. Nígbà tí ó ṣe, a rí i pé ìbéèrè tí a máa ń bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nípa ibùdó ìtàn ni, pé níbo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ni, irú àwọn ènìyàn wo ni wọ́n wà nínú rẹ̀, kí ni agbára wọn ká. Ọmọ tí yóò há ìdáhùn sórí yóò sọ pé "ìlú Èkó, ní ayé òyìnbó". Ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò bù sínú ife kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ.

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ ìwé pọ̀ mọ́ ọtí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1961, nígbà tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé oúnjẹ tí ó ti jẹ́ ti àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù rí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo, èyí tí a ń pè ní Popular Bar, di ilé ẹgbẹ́ Mbari Mbayọ̀, níbi tí eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà ti gbilẹ̀. Ilé ọtí ni ó di ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, àwọn ènìyàn kò sì rí ohun àbùkù nínú rẹ̀.

Ìwé Amos Tutùọlá, *The Palm-Wine Drinkard*, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ di eré Yorùbá tí ó ń jẹ́ *Ọ̀mùtí* ní 1963, ni a kọ́kọ́ kà. A kò janpata lórí ọtí rẹ̀. Ẹmu ni, àfi pé ẹni tí ó gbé e wá ní kí a dúró. Ní agogo mẹ́rin, ó fún wa ní ẹmu òwúrọ̀ tọ́wò. Ó ṣì dùn. Nígbà tí yóò fi di agogo mẹ́sàn-án, ẹmu kan náà ti kan, ó sì ti ń pa ènìyàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà rí, pé bí a ṣe ń lọ ni ó ń le sí i. A gbà á fún un.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò obì inú wa ni ó mú ọ̀rọ̀ tí a kò retí wá. Nínú ìwé náà, ọ̀mùtí sọ pé bàbá òun fún òun ní oko ọ̀pẹ tí ó jẹ́ máìlì 9 níbùú lóròó, tí igi ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀, àti pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń dá ẹmu fún òun, kèǹgbè 150 láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin yìí mú bírò, ó ṣírò rẹ̀. Máìlì 9 níbùú lóròó jẹ́ éékà 51,840. Igi ọ̀pẹ tí yóò bọ́ sórí éékà kan kò tilẹ̀ pé 11. Ó ní oko náà kò pọ̀ jù, pé ọ̀pẹ inú rẹ̀ tilẹ̀ fọ́nká. Èyí tí kò ṣeé gbà ni pé ọwọ́ ẹnì kan, lórí igbà kan ṣoṣo, ni kèǹgbè 225 ti ń jáde lóòjọ́. Ẹ̀rín pa wá. Síbẹ̀, ohun pàtàkì ni ó tọ́ka sí. Òǹkọ̀wé àròsọ mọ̀ pé iye tí a kà geere máa ń jẹ́ kí irọ́ dàbí ẹ̀rí. Ẹni tí ó ń kọ ìtàn ara rẹ̀ kì í sábà rántí iye tó bẹ́ẹ̀. "Ó tó bí ogún" ni yóò wí.

Ìgbà tí a dé orí Sẹ̀gilọlá ni ọ̀rọ̀ wá di iṣẹ́. Láàrin 1929 àti 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó*, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ni ó ń kọ wọ́n. Ó wà lórí àìsàn, ó sì ń ronú pìwà dà lórí ayé tí ó ti jẹ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní Èkó. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú láti bá a kẹ́dùn àti láti bá a jiyàn, bí ẹni pé obìnrin náà wà ní àdúgbò kejì. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930 ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní *Ìtàn Ìgbésí Ayé* Sẹ̀gilọlá. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí pé ó jẹ́ ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ó ṣáájú *Ògbójú Ọdẹ* Fágúnwà ti 1938 ní ọdún mẹ́jọ. Karin Barber tún un tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àlàyé lórí ìwé ìròyìn ìgbà náà.

Nọ́ọ̀sì inú wa ni ọtí kàn. Jíìnì ni ó gbé wá, ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin pò ó. Ó ní jíìnì, nítorí pé Èkó inú ìwé náà ni Èkó èbúté. Owó orí ọtí tí ó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wọlé wà lára owó tí ìjọba amúnisìn fi ń gbọ́ bùkátà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, àsìkò tí Sẹ̀gilọlá wà ní ọ̀dọ́. Ó ní oyin, nítorí pé ohùn obìnrin náà dùn ju ohun tí ó ń sọ lọ. Àwọn kan ní oyin kò sí nínú ìwé, pé èrò tirẹ̀ ni. A dìbò. Wọ́n fún un láyè láti mu.

Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ olùdánwò, ti gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní nígbà kan, nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan, òun ni kí àwọn ọmọ dárúkọ ìwé ìtàn ìgbésí-ayé-ara-ẹni kan kí wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọbìnrin kan dárúkọ Sẹ̀gilọlá, ó kọ ojú-ìwé méjì: "èmi" ni asọ̀tàn ń pe ara rẹ̀, ó dárúkọ àdúgbò, àkọlé ìwé pàápàá pè é ní ìtàn ìgbésí ayé. Òdo ni òun fún un. Nínú ìdánwò kan náà, ọmọ mìíràn tí wọ́n ní kí ó dárúkọ ìtàn àròsọ kọ *Ìrìnàjò* Fágúnwà, òun sì fún un ní máàkì nítorí pé ìwé Fágúnwà ni. Bẹ́ẹ̀ *Ìrìnàjò*, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949, kì í ṣe ìtàn Irúnmalẹ̀. Ìrìn àjò tí Fágúnwà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sí ìlú Òyìnbó ni. Ó ní ẹni tí ó ronú gba òdo, ẹni tí ó méfò gba máàkì, òun sì ti gbàgbé orúkọ ọmọbìnrin náà. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣì í lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń kọ́ ọmọ pé bí asọ̀tàn bá ń lo "mo" tàbí "èmi", ìtàn ara-ẹni ni. Bí ó bá ń lo "ó", ìtàn àròsọ ni. Òfin yìí kò dúró. Sẹ̀gilọlá ń lo "mo", àròsọ ni. Ìwé Ṣóyínká tí ó ń jẹ́ *Ìsarà*, tí ó jáde ní 1989, ń lo "ó", síbẹ̀ bàbá rẹ̀ gidi ni ó dá lé. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ni ó ṣí àpótí páànù kan tí lẹ́tà àti ìwé àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì fi ìyẹn hun ìtàn bàbá náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń jiyàn lórí ìwé àti lórí ayé. (Àwa tí a wà ní ìtòsí Ìsarà kò lè ka ìwé náà láìmáa rí ara wa nínú rẹ̀.) Nínú *Aké*, tí ó jáde ní 1981, Essay ni ó pe bàbá yìí, láti inú S.A. tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Nínú *Ìsarà*, ó fún un ní orúkọ mìíràn, Akínyọdé Ṣódìtàn, ó sì ń wọ inú ọkàn rẹ̀ lọ láti sọ ohun tí ó ń rò. Ohun tí bàbá ń rò ní ọ̀dọ́, kí a tó bí ọmọ, ọmọ kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Níbẹ̀ ni *Ìsarà* ti fi ẹsẹ̀ kan sínú àròsọ.

Philippe Lejeune, onímọ̀ ará Faransé, sọ ní 1975 pé orúkọ ni kí a wò. Bí ẹni tí ó kọ ìwé, ẹni tí ó ń sọ ìtàn àti ẹni tí ìtàn dá lé bá jẹ́ ẹnì kan náà, tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ kan náà, òǹkọ̀wé ti bá òǹkàwé ṣe àdéhùn pé òtítọ́ ara òun ni òun ń sọ. Thomas ni ó kọ Sẹ̀gilọlá. Orúkọ méjì ni. Fágúnwà ni ó kọ *Ògbójú Ọdẹ*, Àkàrà-ògùn ni ó ń sọ ọ́, Fágúnwà sì ṣe bí ẹni pé akọ̀wé lásán ni òun. Ọ̀mùtí Tutùọlá ń jẹ́ orúkọ oyè ńlá tí kò sí lára èèpo ìwé. Òfin Lejeune bá *Aké* mu, ó bá *Ìrìnàjò* mu. Ó tilẹ̀ jẹ́ kí a lè ṣàlàyé *Ogún Ọmọdé* Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti 1990: Ìṣọ̀lá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní abúlé Lábọ̀dé, ìgbà èwe ní abúlé sì ni ìwé náà dá lé, ṣùgbọ́n kò bá wa ṣe àdéhùn kankan pé òun ni.

Àwa fẹ́ fi ohun kan kún un láti ọ̀dọ̀ ara wa. Ìtàn ara-ẹni ni èyí tí ẹlẹ́rìí lè takò. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé òun lu olùkọ́ òun ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì lè dìde kí ó ní irọ́ ni. Ta ni yóò takò ọ̀mùtí lórí kèǹgbè 225? Oníṣòwò obì gbìyànjú, ẹ̀rín ni a fi dá a lóhùn.

Nítorí náà, ní èrò tiwa, ìbéèrè tí ó ní kí ọmọ sọ irú ìwé tí ìwé kan jẹ́ kò tọ́ kí a fi máàkì rẹ̀ sórí ìdáhùn kan ṣoṣo. Kí a fi sórí ìdí tí ó mú wá. Ọmọ tí ó bá pe Sẹ̀gilọlá ní ìtàn ìgbésí ayé, tí ó sì fi àkọlé àti lílo "mo" tì í lẹ́yìn, ti ka ìwé náà bí àwọn ará Èkó ti kà á ní 1929. Ó tọ́ kí ó gba púpọ̀ nínú máàkì náà. Èyí tí ó bá tún fi kún un pé Thomas ni ó kọ ọ́ ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé èyí yóò mú kí iṣẹ́ olùdánwò pẹ́. Yóò pẹ́ lóòótọ́.

Ìwé tí ó kàn ní Ìlárá ni *To Mother with Love* tí Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọ ní 1987. Ṣólàrín fúnra rẹ̀ pe ìwé náà ní ìdánrawò nínú ìtàn ara-ẹni, a sì ti ń jiyàn tẹ́lẹ̀ lórí ohun tí ó ń dán wò. Olùdánwò inú wa ni ọtí kàn. Ó ti gbé orúkọ ọtí mẹ́ta wá, a ti da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì ti padà lọ tún ìwé náà kà.