Èdè-Ìperí fún Ìwọ̀n Oúnjẹ Lẹ́yìn Iṣẹ́-Abẹ Àpòlúkù

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi túmọ̀ ìtọ́ni oúnjẹ fún ẹni tí a ṣe iṣẹ́-abẹ fún nítorí ìsanrajù. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé 'jẹun yó', ìrora àti èébì ni ó fi ránṣẹ́ sí aláìsàn.

Irú iṣẹ́-abẹ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, a ó gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò. Èyí tí ó kù yóò rí tóóró bí ọ̀pá. A dábàá *ìgékù-àpòlúkù* fún un. Èkejì ni Edward Mason àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ní 1966. Bí a ti ń ṣe é lónìí, a ó ya àpò kékeré kan, tí kò gbà ju nǹkan bí mìlílítà 30 lọ, sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, a ó sì so ó mọ́ ìfun. Nítorí pé oúnjẹ ń gba ọ̀nà àbùjá, a pè é ní *iṣẹ́-abẹ alábùjá*. A kò lo *ikùn*, nítorí pé ó lè tọ́ka sí ara òde pẹ̀lú.

(1) *Ìwọ̀n-ìjẹ*: iye tí ènìyàn ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. *Ìpín* ń tọ́ka sí ohun tí a pín láàárín ènìyàn púpọ̀. *Òkèlè* sì ń tóbi tàbí kéré gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ tí ó bù ú. Mìlílítà 30 jẹ́ ṣíbí ìjẹun méjì péré. Nítorí náà, nọ́ńbà ni kí ó máa tẹ̀ lé ìwọ̀n-ìjẹ.

(2) *Ìtó*: ipò tí ó ṣáájú *yó*. Bí àyà bá ti ń fún aláìsàn díẹ̀, oúnjẹ ti tó o. Kí ó dáwọ́ dúró.

(3) *Rún kúnná*: a máa ń sọ pé a *jẹ* iyán, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rún un, a ń gbé e mì ni. *Jẹ* nìkan kò sọ ohun tí eyín yóò ṣe. Bákan náà, kí a kọ ọ́ gbangba pé aláìsàn kò gbọdọ̀ fi omi ti oúnjẹ. Kí ó dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ kí ó tó mu ohunkóhun.

(4) *Oúnjẹyàfun*: bí oúnjẹ oníṣúgà bá ya wọ ìfun lójijì, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ alábùjá, òógùn lè bo aláìsàn, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí ó sì máa ṣu. Àwòṣe ọ̀rọ̀ yìí ni *omíyalé*. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí fáwẹ̀lì tí a pa jẹ nínú *ìfun* ni ó bọ́ sórí *ya*, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú *kàwé*.

A kò sọ pé àbá wọ̀nyí ti dé ògógóró. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ìtọ́ni má ṣe fi àyè sílẹ̀ fún àṣìlóye, nítorí pé ara aláìsàn ni yóò jìyà àṣìṣe ògbufọ̀.