Káàdì Kérésìmesì: ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Nígbà Kérésìmesì ọdún 2019, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ káàdì sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, àfi bó ṣe ṣí ọ̀kan tó rí i pé ẹnì kan ti kọ̀wé sínú rẹ̀ ṣáájú òun. Àwọn tó kọ ọ́ ní ẹlẹ́wọ̀n ará òkèèrè làwọn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Qingpu ní Shanghai, pé tipátipá ni wọ́n fi ń kó àwọn ṣiṣẹ́. Ilé ìtajà Tesco tó ta káàdì ọ̀hún dá iṣẹ́ dúró lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ìjọba Ṣáínà ní irọ́ gbuu ni. Èyí tó ká mi lára jù ni pé káàdì àánú ni: wọ́n ń yọ nínú owó rẹ̀ fún àwọn àjọ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà.

Ìbéèrè méjì ló yẹ ká bi káàdì, ìdáhùn ọ̀kan kì í sì í ṣe ẹ̀rí fún ìkejì: kí ni wọ́n fi ṣe é, àti èló ló kan ẹni tó ṣe é?

Ti àkọ́kọ́ kò le. Bébà kọ́ ni ìṣòro, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ohun wínníwínní tó ń dán, tó máa ń há sára kápẹ́ẹ̀tì títí di Ọdún Àjíǹde, ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í jẹrà, ó sì ń ba bébà jẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di tuntun. Káàdì tó ń kọrin ní bátìrì nínú. Ẹ wá wo ẹ̀yìn fún àmì FSC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993: "100%" ni pé igbó tí wọ́n ń bójú tó dáadáa ni gbogbo igi rẹ̀ ti wá, "Recycled" ni bébà àtúnlò, "Mix" sì jẹ́ àdàlù. Igi ni àmì yìí ń tọpa. Kò sọ iye tó dọ́wọ́ ẹni tó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ káàdì.

Ní ti bébà tí wọ́n fi ń ṣe káàdì, Nepal ni mo ti rí àpẹẹrẹ tó yé mi jù. Igi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Himalaya tí wọ́n ń pè ní lokta. Wọ́n á bẹ́ ẹ, wọn ò ní hú gbòǹgbò rẹ̀, yóò sì tún rú. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń bó, wọ́n á sè é rọ̀, wọ́n á lù ú títí yóò fi kúnná, wọ́n á dà á sórí férémù aláṣọ tó léfòó lórí omi, wọ́n á sì gbé e síta bí ẹni ń sá èlùbọ́. Bébà tó jáde níbẹ̀ kì í dán, etí rẹ̀ rí jákujàku, okùn èèpo sì hàn lójú rẹ̀. Kòkòrò kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìjọba àti ìwé ẹ̀sìn sórí rẹ̀ látayébáyé. Bébà olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ náà, kí àjọ UNICEF tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún káàdì ìkíni tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Àléébù rẹ̀ kan rèé o: igi ni wọ́n sábà máa ń dá láti fi sè é. Àfọwọ́ṣe kò ní kó má da igbó láàmú.

Lórí owó, ẹ má wulẹ̀ wá àmì Fairtrade tẹ́ ẹ mọ̀ lára kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀; ohun ọ̀gbìn ló wà fún jù. Àjọ WFTO, tó wà fún òwò tí kì í rẹ́ni jẹ, ló ń bójú tó oníṣẹ́ ọwọ́. Òfin rẹ̀ ni pé tí oníṣẹ́ bá béèrè, kí ẹni tó ń rajà san ó kéré tán ìdajì owó sílẹ̀, láìgba èlé. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún ọjà Kérésìmesì: ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ọdún lẹni tó ń ṣe káàdì ti gbọ́dọ̀ ra èèpo, kó sì sanwó òṣìṣẹ́. Bí kò bá rówó gbà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ olówó èlé ló ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, irú káàdì bẹ́ẹ̀ wọ́n. Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà, èyí tí Henry Cole ní kí ayàwòrán Horsley yà fún òun ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún, ṣílè kan ni wọ́n sì ń tà á, owó tí kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù nígbà náà. Ẹ ra mẹ́ta dípò ogún, kí ẹ sì fi fóònù kí àwọn yòókù.