Mi Ò Fẹ́ràn Ẹfinrin, Ọbẹ̀ Sì Ń Dùn Mọ́ Mi Lẹ́nu

Lónìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́: mi ò lè jẹ ẹfinrin.

Nílé wa ní Àrándùn, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Bí inú bá ń run ọmọ, wọn a gbo ó fún un mu. Títí dòní, bí mo bá rí i nínú ọbẹ̀, òórùn àgbo inú rírun ni mò ń gbọ́. Màmá mi rò pé ọbẹ̀ wọn ni mò ń kẹ́gàn.

Kì í ṣe ẹ̀gàn. Thymol wà nínú òróró ọ̀pọ̀ ẹfinrin ilẹ̀ wa. Òun náà ló wà nínú táìmù tá a ń fi sí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ó sì wà nínú àwọn oògùn ìfọnu kan. Àwọn ẹfinrin mìíràn ní eugenol, ohun tó ń mú kánáfúrù ta sánsán, tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò. Imú tó bá gbọ́ òórùn oògùn lára ẹfinrin kò purọ́.

Báwo ni mo wá ṣe ń jẹun? Iná máa ń lé òórùn ẹfinrin lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e sí ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó gé e sí i, mo ti bu tèmi. Irú, ata àti àlùbọ́sà ti tó fún ẹ̀gúsí. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ ẹja, mo máa ń fi atalẹ̀ sí i.

Ní báyìí, Màmá mi fúnra wọn ló ń pè mí: "Wá bu tìẹ, mo fẹ́ gé ewé sí i."

Ẹ̀yin ńkọ́? Ewé wo lẹ kì í jẹ? Ó dìgbà kan ná o.